Ibi Tí Luong Kú Sí Gan-an

Ikọ́ yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ jókòó tì mí, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi alùpùpù gbé àlejò gun òkè. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè. Ojúbọ kékeré tó wà níbi ìṣàn omi, níbi tí gbogbo yín ti máa ń fi sìgá kan sílẹ̀ fún Luong kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun: Luong ò kú síbẹ̀. Èmi Nghi ni mo purọ́.

Àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ ni Luong, èmi ni mo sì kọ́ ọ níṣẹ́. Èmi á gbé àlejò síwájú, òun á kó ẹrù tẹ̀ lé mi. Bí fèrè alùpùpù ẹni ẹ̀yìn bá dún gbọọrọ lẹ́ẹ̀mẹta, ohun yòówù kí ẹni iwájú máa ṣe, ó gbọ́dọ̀ yí padà. Òfin tí èmi fúnra mi kọ́ ọ nìyẹn. Lọ́dún tó kú, obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Marike ní ká gbé òun yípo, láti etí òkun Nha Trang, gba oko kọfí lọ sí Da Lat, ká sì tún gba orí òkè padà sétí òkun. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, àwọn ará abúlé kan gbé ìkòkò ọtí ìrẹsì síwájú wa, kálukú ń fi ọ̀pá oparun tín-ín-rín fà á mu. Mo mu ún ju bó ṣe yẹ lọ.

Luong ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi gbé àlejò. Kùrukùru ti bo òkè, ẹsẹ̀ yín ò sì ranlẹ̀.”

“Ìwọ? Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lóòótọ́. Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ fún mi pé ọ̀mùtí kì í síwájú.”

Gbogbo àwọn tó yí ìkòkò ká bú sẹ́rìn-ín. Marike tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wa náà rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo gbé obìnrin náà sẹ́yìn, mo sì ṣíná sí alùpùpù mi.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá kọ́ọ̀nà àpáta ni fèrè dún lẹ́yìn wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Marike fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo fọwọ́ júwe fún un pé ọkọ̀ ẹrù ni. Irọ́ ni, mo mọ fèrè Luong. Mo ní lọ́kàn ara mi, “Jẹ́ kó máa fun ún. Yóò mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n.” Ó tún dún. Ó tún dún. Nígbà tó yá ó ń dún gé-gè-gé, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ẹ gbọ́ ìkà èèyàn o: inú mi dùn pé ó dákẹ́.

Mo fi Marike sílẹ̀ ní búkà tíì kan nísàlẹ̀. Ìgbà tí ọtí dá lójú mi ni mo tó padà. Luong wà lábẹ́ alùpùpù rẹ̀ ní kọ́ọ̀nà àpáta yẹn, irin ti gún un nítan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí fèrè. Ara rẹ̀ ò tíì tutù. Ká ní mo yí padà ni, ì bá yè.

Awakọ̀ ẹrù kan bá mi gbé e. Ó ní, “Bàbá, mi ò fẹ́ wàhálà ọlọ́pàá o. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ rí i, ibẹ̀ náà lèmi máa sọ.” Mo wò ó pé bí mo bá dárúkọ kọ́ọ̀nà àpáta, wọ́n á bi mí bóyá etí mi di. Mo ní ibi ìṣàn omi ni, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ariwo omi kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ kúkú mọ àṣà wa. Ẹni tó kú sójú ọ̀nà, ibi tó ti ṣubú gan-an lẹ̀mí rẹ̀ ń dúró sí, ibẹ̀ nìkan lèèyàn ti lè pè é wálé. Dieu ìyàwó Luong gbé ẹ̀wù funfun ọkọ rẹ̀ wá síbi ìṣàn omi, pẹ̀lú ìrẹsì àti tùràrí. Ó wojú mi. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibí ni?” Mo ní, “Ibí ni.” Bàbá tó ń bá wa ṣètùtù da owó bàbà méjì sínú àwo. Ó yẹ kí ọ̀kan ṣíjú, kí ìkejì dojú dé, ká lè mọ̀ pé òkú ti gbà. Kò gbà. Ó tún un dà, kò gbà. Dieu bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Luong, kí ni mo ṣe fún ẹ? Ṣé torí ìjà tá a jà láàárọ̀ tó o jáde ni? Jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ sílé.” Nígbà tí wọ́n tún dà á, ọ̀kan ta sínú koríko lẹ́sẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá a, mo fọwọ́ bò ó, mo yí i padà. Mo pariwo, “Ó ti gbà! Ẹ wá wò ó!”

Dieu kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ èmi!

Láti ìgbà náà ló ti ń lá àlá pé ọkọ òun dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òjò ń pa á. “Ẹ̀gbọ́n, ó ní ebi ń pa òun. Àbí oúnjẹ mi ni ò dáa tó?” Èmi á ní àlá lásán ni. Òun á tún se òmíràn gbé lọ. Ní báyìí, àwọn tó la ọ̀nà tuntun ti fọ́ kọ́ọ̀nà àpáta náà, wọ́n ti dà á sí ọ̀gbun. Kò sí ibi téèyàn máa dúró pè é mọ́.

Láàárọ̀ yìí tí Dieu gbé ẹ̀kọ wá fún mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbé mi ṣépè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá ń jẹ oúnjẹ tí mò ń gbé lọ síbẹ̀?” Ó fọ abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, bí fèrè bá dún lẹ́yìn yín, ẹ yí padà, ì báà jẹ́ ẹni tó bú yín ló ń fun ún. Ẹ bá mi bẹ Dieu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí ẹ máa fi bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sì kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ẹ̀mí mi wọlé. Ẹ jẹ́ kémi náà wà níta, nínú òjò.