Orúkọ Bàbá Ọkọ Skola

[Fóònù ń dún. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́.]

LUDWINA: Hẹ̀lóò? Skola?

SKOLA: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìlú Mosbi ńkọ́?

LUDWINA: A wà. Yára, mo ṣì wà nílé ìwé. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ní Wiwak ńkọ́?

SKOLA: Òjò ò dá níbí, ẹ̀gbọ́n. Odò tún ti kún dé ẹnu ọ̀nà wa—

LUDWINA: Ta ló béèrè odò? Ìdánwò!

SKOLA: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

LUDWINA: Mo gbọ́ ẹ. Ìwọ lo ò fẹ́ gbọ́ mi.

SKOLA: Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà.

LUDWINA: Wọ́n kí ni?

SKOLA: Ọ̀gá tó ń bi wá ní ìbéèrè kọ ọ́ sínú ìwé pé mi ò mọ "who", mi ò mọ "which".

LUDWINA: Irọ́ ńlá! Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ ẹ lórí fóònù yìí! "Who" ń béèrè èèyàn. "Which" ní kó o mú ọ̀kan nínú èyí tó wà nílẹ̀. Ó yá, "Who cooked the sago?"

SKOLA: "Anna cooked it."

LUDWINA: "Which canoe is yours?"

SKOLA: "The long one." Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n!

LUDWINA: Kí ló wá dé?

SKOLA: Ó ní, "Who will keep your children?" Mo ní bàbá àgbà wọn ni. Ó ní, "Which grandfather?" Mo ní bàbá tó bí bàbá wọn. Ó ní orúkọ lòun ń béèrè.

LUDWINA: Ẹn-ẹ́n?

SKOLA: Mo dákẹ́.

LUDWINA: O dákẹ́!

SKOLA: Tambu mi ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n, èèwọ̀ ni orúkọ wọn lẹ́nu mi. Ìyàwó wo ló ń la ẹnu pe orúkọ bàbá ọkọ ẹ̀?

LUDWINA: Ṣé òyìnbó ni ọ̀gá ọ̀hún ni?

SKOLA: Òyìnbó kẹ̀? Ọmọ Maprik nítòsí wa níbí ni! Ìyàwó tiẹ̀ náà ò jẹ́ pe orúkọ bàbá ọkọ ẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí tambu nínú Gẹ̀ẹ́sì.

LUDWINA: Ojú ẹ̀ á já a! Gbọ́, Selma tá a jọ lọ sílé ìwé wà ní ọ́fíìsì yẹn. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́. Fún mi lórúkọ bàbá yẹn, màá pe Selma, á dá orúkọ ẹ padà.

[Afẹ́fẹ́ nìkan.]

LUDWINA: Ṣé o gbọ́ mi?

SKOLA: Ẹ̀yin náà ò mọ orúkọ wọn ni?

LUDWINA: Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ọdún mẹ́sàn-án lo ti wà nílé wọn, "Búbù, Búbù" táwọn ọmọ ẹ ń pe bàbá àgbà wọn nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ẹ. Ọkọ ẹ ńkọ́?

SKOLA: Ó wà nínú igbó tí wọ́n ti ń gégi. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

LUDWINA: Fa fóònù fún ẹlòmíì.

SKOLA: Orí òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ni mo wà, èmi àti Rita. Ọmọ ọdún méjì mọ kí ni?

LUDWINA: Tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

SKOLA: Ṣé ìka mi kì í ṣe ara mi ni?

LUDWINA: Skola, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Odò ti gbé ilé ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì! Tó o bá fi oṣù mẹ́fà ká èso ní Ọsirélíà, wàá kọ́lé síbi tí omi ò lè dé—

SKOLA: Wọ́n dáa sí mi, ẹ̀gbọ́n. Àwọn nìkan ló gbà láti tọ́jú àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu mi, ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé mi mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ méjì ò ní tó mi fi bẹ̀ wọ́n.

LUDWINA: Ta ló fẹ́ gbọ́? Orí òkè lo wà! Ta ló wà níbẹ̀?

SKOLA: Kò sẹ́nì kankan.

LUDWINA: Pè é.

[Ó mí kanlẹ̀.]

SKOLA: Sinawi.

[Ìlà ń ha.]

LUDWINA: Kí lo wí?

SKOLA: Sinawi! Sinawi, ẹ̀gbọ́n! Sinawi ni—

[Nǹkan já bọ́. Ohùn ọmọdé: "Búbù!"]

LUDWINA: Ìlà ń ṣe ségesège. Ṣé o gbọ́ mi?

SKOLA: Yéè. Mo gbé o.

LUDWINA: Skola?

SKOLA: Wọ́n wà lẹ́yìn mi. Wọ́n gbé ọ̀dùnkún sísun wá fún mi. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

LUDWINA: Ta ni? Ta ló wà níbẹ̀?

SKOLA: Wọ́n ti ń lọ. Rita ń sáré tẹ̀ lé wọn, wọn ò wojú ẹ̀.

LUDWINA: Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn o! Tún un pè. Skola, ṣé o gbọ́ mi? Tún un—

[Ìlà já.]