Bàbá Irish Tó Fagi Lé Halleluyah

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Tavy Bridge lọ sí Woolwich ní London, obìnrin kan tó jókòó níwájú mi ń fi bébà han ìyá àgbà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

“Mummy, ẹ wo nǹkan tí bàbá Irish tí mò ń bá gbálẹ̀ ilé ẹ̀ fi ẹ̀rí mi ṣe. Ọjọ́ Sunday ni mo fẹ́ kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó bá mi wo spelling ni o.”

“Ṣé tíṣà ni?”

“Editor ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń tún ìwé àwọn òǹkọ̀wé ṣe. Ìyà ọdún méje tí mo fi wá ìwé ìgbélùú, ó sọ ọ́ di ìlà kan.”

“Ọdún méje, ìlà kan,” ni Ìyá wí jẹ́jẹ́.

“Halleluyah mẹ́sàn-án tí mo kọ, ó fagi lé mẹ́jọ. Ó ní kí n fi ọ̀kan sí ìparí, káwọn èèyàn lè máa retí ẹ̀.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Kó tó dé, wọ́n á ti sùn. Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó kọ ìwé?”

“Ọ̀kan péré, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ní àtìgbà yẹn, gbogbo nǹkan tóun bá kọ láàárọ̀, òun náà ló máa ń fagi lé e tó bá di ìrọ̀lẹ́.”

Ìyá ká bébà náà, ó dá a padà fún un. “Kà á bó o ṣe kọ ọ́. Bàbá yẹn ló nílò àdúrà. Mú un wá lọ́jọ́ Sunday, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó mú bírò dání.”