Ìgò Tí Mo Pààrọ̀ Nínú Ìwé Ìròyìn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo mọ̀ pé n kò lè gbé e mọ́.

Oníròyìn ni mí. Nínú àwọn ọdún 1980, èmi ni mò ń kọ ojú ewé àwọn ìyá nínú ìwé ìròyìn kan: oúnjẹ ọmọ, ìtọ́jú ilé, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àmúkòkò ni mò ń gbé. Èmi àti Ìyá Ramota, tó ń rán aṣọ ọmọdé, la jọ wà nínú ilé kan náà.

Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń da àwọn ọmọ láàmú, mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní Ajégúnlẹ̀. Ó fi bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà hàn mí. Ìgò bíà ńlá ló fi wọn omi. Ó ní, "Bó o ṣe rí i ni kó o kọ ọ́ o. Ìgò yìí gan-an."

N kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ààfáà àti ìyàwó pásítọ̀ wà lára àwọn tó ń ka ojú ewé mi. Ta ni nínú wọn tó máa gbé ìgò bíà wọlé? Mo pa bíà rẹ́, mo kọ mínírà. N kò ronú pé ìgò mínírà kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Omi dín kù, iyọ̀ kò dín.

Wasiu, àbúrò Ramota, kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú un. Ramota ka ìwé mi sí ìyá rẹ̀ létí, ìyá sì pò ó bí mo ṣe kọ ọ́. Òùngbẹ túbọ̀ ń gbẹ ọmọ, wọ́n sì ń fún un sí i. Gìrì mú un. A gbé e sáré lọ sí ọsibítù ní Apápá. Ọlọ́run yọ ọ́. Dókítà ní iyọ̀ ló pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ìyá ọkọ Ìyá Ramota bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn láàárín ilé: "Ìwọ tí ọbẹ̀ rẹ máa ń níyọ̀ bí omi òkun, ta ló ní kó o di dókítà?"

Ìyá Ramota mú ìwé ìròyìn náà tọ̀ mí wá. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣebí bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe é."

Mo wò ó. Mo rí ìgò mínírà. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi: ohun tí mo sọ ni pé, "Bóyá ṣíbí ló kún jù."

Ìyá ọkọ pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́! Ẹni tó kọ̀wé ti sọ̀rọ̀." Ó gbé Wasiu lọ sí ilé rẹ̀ ní Ẹpẹ́. Ibẹ̀ ló ti dàgbà. Ìgbà Iléyá nìkan ni ìyá rẹ̀ ń rí i, ọmọ náà kì í sì í jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé obìnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ Ìyá Ramota, mo ní mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. N kò dá a padà. Lọ́sẹ̀ kejì, mo kọ ìgò ńlá sí ojú ewé mi, n kò jẹ́wọ́ pé mo ti ṣì í kọ tẹ́lẹ̀. N kò mọ iye ìyá tó ti lo ti àkọ́kọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ramota gbé àkọ́bí rẹ̀ wá, ó ní kí ìyá òun bá òun po ògì fún un. Ìyá Ramota ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Àǹtí, ẹ bá wa pò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ mi ò mọ ìwọ̀n."

Mo pò ó. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Ìyá Ramota kò ṣi iyọ̀ bù. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ìyẹn nìkan kò tó, Ẹpẹ́ ńkọ́? Ẹnu wo ni kí n fi sọ fún ọmọ ọdún méjìlá pé ìyá rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan?