Faransé tí ìyá kò mọ̀ ọ́n kà

Nínú takisí tó ń gbé wa láti Tchamba lọ sí Sokodé, ìyá kan tó ń fi fóònù polówó aṣọ ń fọ́nnu fún ọmọbìnrin tó jókòó tì í.

“Oníbàárà ní òun ti fowó ránṣẹ́, kí n gbé aṣọ fún onízẹ́mi tó fi alùpùpù dúró níta. Mẹ́sáàjì sì wọlé lóòótọ́.”

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Màmá?”

“Faransé ni, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Mo bá yẹ àpò owó inú fóònù mi wò. Fàráǹkì kan kò wọ ibẹ̀! Mo gbé aṣọ mi padà sínú ilé.”

“Háà! Irú mẹ́sáàjì yẹn, tó ní owó ti wọlé, ni mo kà tí mo fi kó bàtà tí mo ń tà fún wọn.”

Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ wé.

“Olè ni ìwọ bi léèrè bóyá ó ti sanwó, ọmọ mi. Èmi, àpò mi ni mo bi.”