Ṣálángá Tó Wà Lábẹ́ Igun Ẹ̀yìn

Bámidúró Àkànbí, ọmọ ìyá mi, ọmọ Owé ní Kàbà, ọmọ òkè àpáta, bíríkìlà tí ògiri rẹ̀ kì í wọ́: èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo pa ọ́. Ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, àgbà bí mo ti dà yìí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ iṣẹ́ mi. Kò sí bíríkìlà kan ní Kàbà tó lè kọ́ mi ní ìpìlẹ̀. Ẹ ta okùn, ẹ wa kòtò títí dígà á fi dún kò lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ tó da kọnkéré. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí à ń ṣe ṣáájú okùn: a máa ń pe àgbà agboolé kó wá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka ibi tí kànga, ṣálángá àti sàréè àtijọ́ wà.

Nígbà tí Tísà Ọmọ́táyọ̀ gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún èmi àti Bámidúró, Màmá Olúrẹ̀mí, àgbà agboolé ibẹ̀, ló yẹ kí n pè. Mi ò pè é. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn máa ń pọ̀, ilẹ̀ Kàbà sì rèé, àpáta ni. Ìdẹwò kékeré tó mú mi nìyẹn: mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ní igun ẹ̀yìn, dígà rì wọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní òjò ló fà á. Bámidúró ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó lọ ra pákó ní Ìyámoyè.

Ìgbà tó dé, a ti da kọnkéré tán. Màmá Olúrẹ̀mí sì ń kọjá lọ.

“Okun o, ẹ̀yin bíríkìlà,” ló fi kí wa.

“Okun, Màmá.”

Ó wo igun ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ṣálángá bàbá ọkọ mi lẹ gbé ilé Tísà lé. Ṣé ilé náà fẹ́ ṣu ni?”

Sádíkù àti Ẹniọlá, àwọn lébírà wa, bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, inú sì bí mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Bámidúró wí, “kọnkéré náà kò tíì gan. Ẹ jẹ́ ká kó o kúrò títí a ó fi kan ilẹ̀ gidi.”

“Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú?”

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kọnkéré kì í dúró lórí ìdọ̀tí.”

Ó bẹ́ sínú kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi. Mo là á mọ́ ọn lórí. Ẹ má pè é ní àṣìṣe, mo rí ibi tí mo ń lù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa béèrè. Bí àbúrò yín bá ní iṣẹ́ yín ò dáa, tó sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ fọ́ iṣẹ́ náà. Kọnkéré tí a fọ́, a lè po òmíràn.

Ẹniọlá wá wò mí lẹ́wọ̀n. Ó ní òun àti Sádíkù kó ṣálángá náà kúrò, wọ́n da igun náà bí Bámidúró ṣe wí, ilé Tísà sì dúró. Àwọn méjèèjì náà ló gbẹ́ sàréè Bámidúró. Wọ́n kọ́kọ́ pe Màmá Olúrẹ̀mí, ó fi ọ̀pá tọ́ka ibi tó mọ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí dígà fi dún kò.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín.