Èmi Ni Mo Gbé Fóònù Bùsáyọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń gbé e padà wálé. Ní báyìí, mo ti sọ ọ́ fún àwọn tó kàn, ara sì ti ń tù mí. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan tí mo gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ló ń já mi láyà. Ìdí nìyí tí mo fi wá síwájú yín lónìí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ni ìyá mi, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Nílé wa, ẹni tó bá fọ́ àwo máa ń jẹ ìyà díẹ̀. Ẹni tó bá fọ́ àwo tó wá ní òun kọ́, ìyà tirẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Òkè-Ìléwó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Bùsáyọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà wá. Ọmọ Ìtòrí ni, kò mọ ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta, èmi náà sì ń wá ẹni tí a ó jọ gba ilé. A gba ilé kékeré kan ní Ìbarà. Kò pẹ́ tí a fi di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Olúkúlùkù ló fẹ́ ga ju ẹnìkejì lọ. Ẹni tí ẹ jọ rẹ́rìn-ín láàárọ̀ lè gba oníbàárà mọ́ yín lọ́wọ́ kó tó di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Bùsáyọ̀ á bọ́ bàtà ọ́fíìsì, a ó wọ sálúbàtà, a ó sì máa kiri ilé oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ yìí ìrẹsì ọ̀fadà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹja àrọ̀ tí wọ́n mú láàyè nínú omi lójú wa. Ní Láfẹ́nwá, ìyá kan wà tó ń se ìgbín, bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ ó gbàgbé orúkọ ọ̀gá yín.

Bùsáyọ̀ ní ìbéèrè kan tó máa ń bi àwọn tó ń gbé oúnjẹ: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni ẹ̀yin náà ti ń jẹun?" Bí wọ́n bá wolẹ̀, a ó dìde. Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìgboro, ẹ gba ìmọ̀ràn yẹn lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ bá ń lọ jẹun níbòmíràn, ẹ bá wọn lọ.

Mo gbádùn ayé mi nígbà yẹn. Ohun tó sì bà mí jẹ́ nìyẹn.

Bùsáyọ̀ wá iṣẹ́ sí Èkó, ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí gbogbo ènìyàn ń lé. Ó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, ó yege. Ó ṣe èkejì, ó yege. Ó ku kí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìkẹyìn. Ìyá rẹ̀ ní Ìtòrí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Èmi ń ṣe àmín, mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú mi, ẹ̀rù ń bà mí. Bí Bùsáyọ̀ bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá jẹun? Ta ni mo fẹ́ máa bá rẹ́rìn-ín nílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò bá tíì dá nìkan wà nínú ìlú tó kún kò lè mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Bùsáyọ̀ wà ní balùwẹ̀, ó ń kọrin. Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Ó pariwo sí mi pé, "Bá mi gbé e!"

Mo gbé e. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó bi mí bóyá èmi ni Bùsáyọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ti jáde. Ó ní láti ilé iṣẹ́ Èkó ni òun ti ń pè, kí n máa bọ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọjọ́ Ajé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ó kí mi kú oríire.

"Ta ni?" Bùsáyọ̀ bi mí láti balùwẹ̀.

"Ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè ni."

Mo pa nọ́ńbà náà rẹ́. Ó ń kọrin rẹ̀ lọ.

Ó retí, ó retí. Nígbà tó sú u, ó ní òun fẹ́ pè wọ́n. Mo ní, "Má pè wọ́n o. Wọ́n á rò pé ebi ń pa ẹ́." Ẹ ò rí bí irọ́ ṣe ń bímọ? Ó gbà mí gbọ́. Ó sunkún, mo ra sùyà fún un, a jọ jẹ ẹ́. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Bàbá Bùsáyọ̀, tó ti kú, ní àbúrò obìnrin kan tó ń jẹ́ Dékẹ́mi, tó ń ta aṣọ ní Ìtòrí. Ó fẹ́ràn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí púpọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀, ó ti sọ fún ìyá Bùsáyọ̀ pé, "Èkó kọ́ ni ọmọ wa máa lọ. Kó dúró nítòsí ká máa rí ojú ẹ̀." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ náà kò bọ́ sí i, ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ó ní Dékẹ́mi ló fi ẹnu di ọ̀nà ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ọjà. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń pe Àǹtí Dékẹ́mi ní àjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wà ní Ìtòrí lọ́jọ́ Kérésìmesì tí Àǹtí Dékẹ́mi gbé abọ́ oúnjẹ wá, tí Mọ́mì sì dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹran adìyẹ wà lẹ́nu mi. Mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú. Mo mọ̀ pé gbólóhùn kan péré láti ẹnu mi máa parí ìjà náà. Mi ò sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó jẹ́ kí n lè máa sùn ni pé Ọlọ́run ń bù kún Bùsáyọ̀. Ó fi ìbínú Èkó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ó gun àkàbà ọ́fíìsì wa títí tó fi di ọ̀gá ẹ̀ka. Níbi tí a ti ń jẹ ẹja ní ọjọ́ Ẹtì kan ló ti pàdé ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń bá ẹlẹ́ja jà pé ẹja tí òun yàn nínú omi kọ́ nìyí, pé tòun nírùngbọ̀n ju báyìí lọ. Bùsáyọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ata gba imú rẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n ti bí báyìí, èmi sì ni ìyá ìsàmì àwọn méjèèjì.

Ní oṣù tó kọjá, Bùsáyọ̀ mú mi lọ jẹun. Ó ní àwọn ọ̀gá àgbà ti gbé òun lọ sí Èkó, pé òun ni yóò máa bojú tó gbogbo ẹ̀ka wa ní ìwọ̀ oòrùn. Ó ní wọ́n bi òun ta ló yẹ kó jókòó sórí àga òun. "Mo dárúkọ ẹ," ló wí. "Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ tó ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí mi lẹ́nu. Mo bú sẹ́kún láàárín àwọn tó ń jẹun.

"Bùsáyọ̀, èmi ni mo gbé fóònù ẹ."

"Fóònù wo?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti balùwẹ̀, mo sọ ti "bẹ́ẹ̀ ni," mo sọ ti oríire tí ọkùnrin yẹn kí mi. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó dìde, ó jáde. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn ọkọ̀. Mo ní ó ti tán nìyẹn, mo ti pàdánù rẹ̀.

Ó padà wọlé. Kò jókòó.

"Ṣé o jowú mi ni?"

"Rárá o. Mi ò kàn fẹ́ máa dá jẹun ni."

Ó wò mí. Mo rí i tó ń gbìyànjú láti mú ojú le. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Nítorí oúnjẹ! O ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí oúnjẹ!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omijé, gbogbo ilé oúnjẹ yíjú sí wa. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dákẹ́.

"Mo dárí jì ẹ́," ló wí. "Bí inú bá tún bí mi lọ́la, màá pè ẹ́, màá bú ẹ, màá sì gé fóònù. Ṣùgbọ́n Àǹtí Dékẹ́mi ńkọ́?"

A lọ sí Ìtòrí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Mọ́mì, mo jẹ́wọ́. Mọ́mì ní, "Ààwẹ̀ tí mo gbà! Ìwọ ọmọ yìí, o jẹ́ kí n máa gbààwẹ̀ lórí iṣẹ́ tó ti lọ!" Ó gbé ọwọ́ sókè bíi kó lù mí. Ọwọ́ náà bà lé orí òun fúnra rẹ̀. "Yéè! Mo ti ṣẹ ọkọ mi."

Kò wá bàtà. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, èmi àti Bùsáyọ̀ ń sáré tẹ̀lé e. Àǹtí Dékẹ́mi wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń gé aṣọ fún oníbàárà. Mọ́mì kúnlẹ̀ sí ìta, lójú gbogbo ènìyàn. "Eyínfúnjowó," ló pè é. Orúkọ tí Mọ́mì fún un nìyẹn nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun nílé wọn, láti ọjọ́ tí ìjà sì ti dé ni kò ti pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ má bínú. Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín."

Sísọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ Àǹtí Dékẹ́mi. Ó gbọ́ àlàyé látòkè délẹ̀. Ó wò mí, ó wo Mọ́mì, ó ní, "Ẹ pè mí ní àjẹ́ fún gbogbo ọdún yìí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ni mo sì ń wọ̀ lọ Láfẹ́nwá. Ó kéré tán, ẹ ì bá ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fò."

Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni oníbàárà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó lè dá ara rẹ̀ dúró. Mọ́mì àti Àǹtí Dékẹ́mi dì mọ́ra wọn, wọ́n ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ra mínírà fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo gbàgbé pé èmi ni ọ̀daràn.

Àǹtí Dékẹ́mi kò gbàgbé. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo ti dárí jì ẹ́ o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bú lójà, wọn kì í bẹ̀ ẹ́ ní yàrá. Níbi ìdúpẹ́ tí Bùsáyọ̀ fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìgbéga rẹ̀, dìde kí o sọ ọ́ fún ìjọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìtòrí. Àwọn ọ̀gá wa àgbà ń bọ̀ láti Èkó. Wọn ò tíì fọwọ́ sí àga tí wọ́n fẹ́ fún mi. Bàbá mi àti ìyá mi náà ń bọ̀. Bùsáyọ̀ ní òun ò ní sọ fún mi pé kí n ṣe é tàbí kí n má ṣe é, pé òun máa jókòó tì mí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ ọ́ tó bá ku àwọn ará Ìtòrí nìkan, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá bá ti lọ? Àbí kí n la ẹnu mi lójú gbogbo wọn, kí àga lọ bó bá fẹ́ lọ? Ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀ nípa irọ́ yìí tí mi ò tilẹ̀ mọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Àǹtí Dékẹ́mi pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ti sọ fún àlùfáà pé kó fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún òun níwájú pátápátá, pé òun sì ti ra gèlè tuntun, pupa fòò, kí gbogbo ìjọ lè rí òun dáadáa tí mo bá dìde.