Ọmọ Kan Lórí Òṣùwọ̀n Lẹ́ẹ̀mejì

Ìyá Safwan, ó ti tó ọdún kan tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò sì jẹ́ kí oúnjẹ rọ̀ mí lọ́fun. Òní ni n ó sọ ọ́, níṣojú gbogbo ìyàwó ilé. Bí mo bá parí, tí o bá ní kí n kúrò nínú agbolé yìí, n ó di ẹrù mi.

Ṣé o rántí Jonathan, òṣìṣẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Lálúpọn lóṣooṣù láti wọn àwọn ọmọ wa? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún gbogbo wa pé: "Ẹ̀yin màmá, bí ọmọ kan bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́. A ó wá wo omi tẹ́ ẹ̀ ń mu, kó má baà kan ọmọ mìíràn." Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn pé a ti gbọ́. Ẹnu mi yìí náà ni.

Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú Kẹ́hìndé mi lọ, ẹ ṣe bí a ti ń ṣe fún ìbejì. Ẹ ò pe ikú. Ẹ ní ó lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ létí mi, torí àánú mi ń ṣe yín. Ẹ ò mọ̀ pé orúkọ yẹn gan-an ló ń wù mí í gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Jonathan dé ẹnu ọ̀nà mi, èmi àti Táíwò nìkan ló bá. Mo fẹ́ sọ fún un, Ọlọ́run gbọ́. Ó wọn Táíwò tán, ó wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Kẹ́hìndé dà?" Mo ní, "Ó wà nínú ilé." Mo gbé Táíwò wọlé, mo wọ búláòsì pupa ìkejì rẹ̀ fún un, mo sì gbé e padà sórí òṣùwọ̀n. Jonathan rẹ́rìn-ín: "Háà, Kẹ́hìndé, o ti ń sanra o!" Ìyá Safwan, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo gbé búláòsì náà sáyà di ìrọ̀lẹ́.

Lóṣù kejì, mo tún ṣe é. Mo ti ń ka ọjọ́ dè é. Lóṣù kẹta, Táíwò bú sẹ́kún: "Màámi, èmi kọ́ ni Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé ò sí mọ́." Mo ja ọmọ mi léèékánná nítan. Jonathan ní, "Ìbejì yìí mà mọ eré ṣe o," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara àwọn méjèèjì le.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ti Safwan bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni ìgbẹ́ gbuuru náà fi mú un lọ. Ìwọ ò fi tìẹ pamọ́. O figbe ta fún Jonathan lórí fóònù. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí wọ́n fi wá bu omi kànga wa lọ yẹ̀ wò, tí wọ́n sì tì í pa. Ọjọ́ mẹ́rin! Èmi ti ní oṣù mẹ́ta lọ́wọ́. O tún wá dì mọ́ mi, ò ń sọ pé èmi nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe ọ́.

Lánàá ni mo mú Táíwò lọ sílé ìwé. Tíṣà bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, "Màámi, èwo ni kí n jẹ́?" Mi ò lè dúró mọ́. Mo ti pe Jonathan, mo sì ti jẹ́wọ́ fún un. Ó ní àwọn yóò tún ìwé náà kọ. Safwan ni mi ò mọ bí a ṣe ń tún ṣe.

Ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ sunkún ọmọ yín títí, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tó pa á. Ìyá Safwan, forí jì mí. Bí o ò bá tíì lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: láti òní lọ, má pè mí ní Ìyá Ìbejì mọ́. Ìyá Táíwò ni kí o pè mí, kí o sì pè é sókè, kí ọmọ mi gbọ́.